Oògùn Amúnitọ̀: Iṣẹ́ Rẹ̀ lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ara Wíwú

Oògùn amúnitọ̀ ni oògùn tó ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù lára sínú ìtọ̀. Iṣẹ́ pàtàkì méjì ni àwọn dókítà ń fi í ṣe. Wọ́n ń fi í mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, wọ́n sì ń fi í fa omi tó bá kó sí ẹsẹ̀, ikùn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ọkàn, ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ló gbà pé omi ni oògùn náà ń lé, ṣùgbọ́n iyọ̀ gan-an ló dojú kọ. Ibi tí iyọ̀ bá gbà ni omi ń bá a gbà, bí iyọ̀ bá ti ń jáde, omi á máa tẹ̀ lé e. Láti ara òtítọ́ kan yìí ni èèyàn ti lè lóye bí oògùn kan ṣe yàtọ̀ sí òmíràn, ìdí tí oúnjẹ oníyọ̀ fi ń ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́, àti ìdí tí ẹni tó ń lò ó kò fi gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ falẹ̀.

Ohun tí kíndìnrín ń fi iyọ̀ àti omi ṣe

Kíndìnrín méjì ló wà lápá ẹ̀yìn ikùn, lábẹ́ ìhà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín wà, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ sẹ́ lórí asẹ́ náà, ohun tó bá sẹ́ á sì gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá kó tó di ìtọ̀. Láàárín wákàtí 24, omi tó ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi 180 lítà. Èyí ju gbogbo omi tó wà lára èèyàn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí náà ara kò lè jẹ́ kó ṣòfò. Bí omi náà ṣe ń gba inú ọ̀pá kọjá ni ọ̀pá ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń fa nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 padà, tó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ló ń jáde bí ìtọ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀pá yìí fi ń fa omi padà. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 sódíọ̀mù, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó ń di omi mú. Apá kejì rọ́ bí ìkọ́, orúkọ Jakob Henle, onímọ̀ ará Jámánì tó ṣàpèjúwe rẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é. Apá yìí ń gba nǹkan bí ìdá 25. Apá kẹta ń gba ìdá 5 sí 8. Ìpẹ̀kun ọ̀pá ló ń gba díẹ̀ tó ṣẹ́kù, họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ aldosterone ló sì ń pàṣẹ fún un. Oògùn amúnitọ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tó máa ń lọ dí kó má lè gba iyọ̀ padà. Apá tó bá dí ló ń pinnu bí ìtọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó àti irú èròjà tí ara yóò pàdánù.

Bí wọ́n ṣe ṣàwárí rẹ̀

Láti ara oògùn àrùn mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn amúnitọ̀ tó lágbára. Ní ọdún 1919, ní ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, wọ́n ń gún ọmọbìnrin kan ní abẹ́rẹ́ tó ní mẹ́kúrì nínú nítorí àrùn sífílísì. Alfred Vogl, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà náà, ṣàkíyèsí nínú àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ọjọ́ yòókù lọ fíìfíì. Fún bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ onímẹ́kúrì ni àwọn dókítà ń fi tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ wú nítorí àìsàn ọkàn. Ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́kúrì, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, kò sì ṣeé lò lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mìíràn là láti ara sulfanilamide, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn dókítà rí i pé ìtọ̀ àwọn tó ń lò ó máa ń kó sódíọ̀mù dání. Ní 1949, William Schwartz ní ìlú Boston fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, ní oògùn náà, wíwú ara wọn sì fà, àmọ́ ìwọ̀n tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ti pọ̀ débi tó fi lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Merck Sharp & Dohme ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Karl Beyer, tún oògùn yìí pò títí wọ́n fi rí chlorothiazide, tó dé ọjà ní 1958. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa ní oògùn amúnitọ̀ oníhóró tó lè gbé mì lójoojúmọ́ láìsí abẹ́rẹ́. Spironolactone tẹ̀ lé e ní 1959, furosemide sì jáde láti ilé iṣẹ́ Hoechst ní Jámánì láàárín ọdún 1960 sí 1969.

Ìsọ̀rí mẹ́ta tó wọ́pọ̀

Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni thiazide àtàwọn tó jọ ọ́: hydrochlorothiazide, bendroflumethiazide, chlorthalidone àti indapamide. Apá kẹta ọ̀pá ni wọ́n ń dí. Nítorí pé iyọ̀ tó ń gba ibẹ̀ padà kò pọ̀, ìtọ̀ tí wọ́n ń fà kì í pọ̀ jù, àmọ́ iṣẹ́ wọn ń pẹ́ lára. Chlorthalidone kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìsọ̀rí yìí ni wọ́n ń lò jù fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìsọ̀rí kejì ń dí apá Henle. Furosemide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, torasemide àti bumetanide náà wà níbẹ̀. Agbára wọn pọ̀, iṣẹ́ wọn sì yá. Ẹni tó bá gbé furosemide mì á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láàárín wákàtí kan, bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un sínú iṣan, á bẹ̀rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá fi máa di nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, agbára oògùn oníhóró náà ti ń lọ sílẹ̀. Ara wíwú ni wọ́n ń lò ó fún jù, nítorí kì í wà lára pẹ́ tó láti di ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tí kì í jẹ́ kí pọ̀tásíọ̀mù, èròjà mìíràn tó ń bá ìtọ̀ jáde, ṣòfò. Spironolactone, tí wọ́n tún mọ̀ sí Aldactone, àti eplerenone ń dènà àṣẹ aldosterone, amiloride àti triamterene sì ń dí ìpẹ̀kun ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá dá wà, ìtọ̀ tí wọ́n ń fà kò tó nǹkan, nítorí náà wọ́n sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìsọ̀rí mìíràn. Moduretic, tó ti pẹ́ ní àwọn kẹ́míìsì Nàìjíríà, jẹ́ àpẹẹrẹ: mílígíráàmù 5 amiloride àti mílígíráàmù 50 hydrochlorothiazide ló wà nínú hóró rẹ̀ kan. Nítorí pé thiazide inú rẹ̀ pọ̀, ìdajì hóró ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ fún aláìsàn.

Bó ṣe ń mú ìfúnpá wálẹ̀

Bí ìfúnpá èèyàn bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oríṣiríṣi ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo thiazide, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, ìfúnpá á sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í káwọ́ gbera. Lẹ́yìn bí oṣù kan sí méjì, omi inú ẹ̀jẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìtọ̀ aláìsàn á sì padà sí ìwọ̀n tó mọ̀. Síbẹ̀ ìfúnpá ò ní gòkè padà, nítorí pé nígbà yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń rí àyè kọjá.

Ó ṣe pàtàkì kí aláìsàn mọ èyí. Ọ̀pọ̀ ló ń rí i pé ìtọ̀ òun kò pọ̀ bíi ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n á wá gbà pé oògùn ti kú lára àwọn. Àwọn kan á pa á tì, àwọn mìíràn á sọ hóró kan di méjì. Àṣìṣe ni méjèèjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ló lè sọ bóyá thiazide ń ṣiṣẹ́, bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó kò lè sọ ọ́. Fífi kún oògùn náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìfúnpá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi kún pọ̀tásíọ̀mù tí ara ń pàdánù. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà òde òní fi ń lo mílígíráàmù 12.5 sí 25 hydrochlorothiazide tàbí chlorthalidone, dípò mílígíráàmù 50 sí 100 tó wọ́pọ̀ láyé ọjọ́un.

Ẹ̀rí pé oògùn yìí ń gba ẹ̀mí là fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí ALLHAT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní December 2002, kó èèyàn tó lé ní 42,000 jọ, tí aláwọ̀ dúdú sì lé ní ìdá mẹ́ta wọn. Chlorthalidone olówó pọ́ọ́kú kò rẹ̀yìn sí amlodipine àti lisinopril, tí wọ́n jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, nínú dídènà ikú àti ìkọlù ọkàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó lo chlorthalidone bọ́ lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju àwọn tó lo lisinopril lọ. Ní 2008, ìwádìí HYVET fi hàn pé indapamide ń dín ikú kù kódà láàárín àwọn tó ti pé ọmọ 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ara ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú máa ń di iyọ̀ mú, renin, tó jẹ́ èròjà kan tí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti gbé ìfúnpá ró, sì máa ń kéré lára wọn. Irú ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ràn sí oògùn tó ń lé iyọ̀. Ní 2019, ìwádìí CREOLE, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà tó kópa nínú rẹ̀, fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì-méjì wéra lára èèyàn 728. Amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, àti amlodipine pẹ̀lú perindopril, ló mú ìfúnpá wálẹ̀ ju perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka thiazide mọ́ ìsọ̀rí oògùn mẹ́ta tí dókítà lè fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ẹni tí oògùn mẹ́ta kò ká ìfúnpá rẹ̀, spironolactone ni ìwádìí PATHWAY-2 ti 2015 fi hàn pé ó dára jù láti fi kún un.

Nígbà tí omi bá kó sí ara

Omi máa ń kó sí ara nígbà tí kíndìnrín bá ń di iyọ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọkàn kò bá lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, kíndìnrín á gbà pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, á wá máa tọ́jú iyọ̀ àti omi pa mọ́. Omi náà á rọ́ lọ sí ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun lọ́sàn-án, tó bá sì dalẹ́ tí aláìsàn sùn sílẹ̀, á máa lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á nílò ìrọ̀rí méjì sí mẹ́ta kó tó lè mí, tàbí kó ta jí lóru tí èémí ò délẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá omi ló wà lẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mọ́ egungun fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, á sì gbé e kúrò. Bó bá jẹ́ omi, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kún padà. Furosemide ni wọ́n ń fi fa omi yìí. Bí omi bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gún un sínú iṣan. Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan, nítorí náà ìwọ̀n ara ló ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó yẹ kí aláìsàn máa wọn ara rẹ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Bó bá fi bíi kílógíráàmù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sanra láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń padà dé, kò sì gbọ́dọ̀ dúró kí ẹsẹ̀ wú kó tó lọ rí dókítà. Ìwádìí RALES ti 1999 tún fi hàn pé tí wọ́n bá fi spironolactone díẹ̀ kún ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an, ikú ń dín kù ní ìdá 30 nínú 100. Spironolactone yìí kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò fún omi inú ikùn tí ẹ̀dọ̀ líle ń fà.

Ìlú Zaria fi bí iyọ̀ ṣe lè fa wíwú hàn kedere. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà níbẹ̀ kọ nípa ọ̀pọ̀ obìnrin Hausa tí ọkàn wọn ń rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Àṣà ìdílé wọn ni kí ìyá ọmọ máa mu kunun kanwa, ìyẹn ògì tí wọ́n fi káún púpọ̀ sí, kó sì máa sùn lórí ibùsùn tí wọ́n dáná sí lábẹ́. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún náà. Bí wọ́n bá dá káún dúró tí wọ́n sì fún wọn ní oògùn amúnitọ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn á fà.

Gbogbo wíwú kọ́ ló ń fẹ́ oògùn amúnitọ̀. Amlodipine fúnra rẹ̀ lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, nítorí pé ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí omi sì ń jò jáde. Oògùn amúnitọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yanjú ìyẹn, yíyí oògùn náà padà tàbí dídín in kù ló ń yanjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dunni lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan. Aláboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú gbọ́dọ̀ lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ kíákíá, kò gbọ́dọ̀ ra Lasix fúnra rẹ̀ ní kẹ́míìsì.

Ewu tó wà níbẹ̀ àti àyẹ̀wò tó yẹ

Bí thiazide àti furosemide ṣe ń lé sódíọ̀mù ni wọ́n ń kó pọ̀tásíọ̀mù dání. Bí pọ̀tásíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, ara á máa rẹ èèyàn, pajápajá á máa mú un lẹ́sẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè máa lù ségesège. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tó ń jẹ́ digoxin. Spironolactone àti amiloride ń ṣe òdìkejì èyí, wọ́n lè jẹ́ kí pọ̀tásíọ̀mù pọ̀ jù, pàápàá bí aláìsàn bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril tàbí losartan pẹ̀lú wọn, tàbí bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dára. Ìyẹn náà lè dá ọkàn dúró. Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó sì máa mu omi àgbọn, dára fún ẹni tó ń lo thiazide, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tó ń lo spironolactone tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lára.

Nínú àwọn àgbàlagbà, thiazide lè mú kí sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí ìyá àgbà tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ tàbí kó máa ṣubú. Òòyì lè kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Thiazide lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì lè fa gout, ìyẹn oríkèé wíwú tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó lè dín agbára ọkùnrin kù. Spironolactone lè mú kí ọmú ọkùnrin tóbi. Furosemide tó bá pọ̀ jù lè ba etí jẹ́.

Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ mú, wọ́n ń ba iṣẹ́ oògùn amúnitọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá pàdé oògùn amúnitọ̀ àti lisinopril tàbí losartan lára ẹnì kan, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì gbọ́dọ̀ tètè bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ó lè pọn dandan kó dá oògùn náà dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó ń dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ gbogbo èyí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á yẹ sódíọ̀mù, pọ̀tásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, àti nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Àárọ̀ ló dára jù láti lo oògùn amúnitọ̀, kí ìtọ̀ má bàa dí oorun lọ́wọ́. Bí dókítà bá ní kí èèyàn lo furosemide lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, èkejì kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sán. Ẹni tó ń wọkọ̀ ní ìdájí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lè bẹ̀rù furosemide débi tí á fi máa fò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sún un síwájú di ìgbà tó bá dé ibi iṣẹ́, tí ilé ìtọ̀ wà nítòsí, ìyẹn sàn ju kó má lò ó rárá lọ. Mùsùlùmí tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ààwẹ̀ tó dé, nítorí oògùn amúnitọ̀ pẹ̀lú òùngbẹ ọjọ́ gbogbo lè gbẹ omi ara rẹ̀.

Iyọ̀ oúnjẹ ló lè sọ gbogbo ìtọ́jú yìí di asán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sínú ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Sódíọ̀mù wà nínú magí, ẹja oníyọ̀, indomie àti búrẹ́dì, ó sì wà nínú káún tí wọ́n fi ń se ewédú, ilá àti ẹ̀wà. Bí iyọ̀ bá ń wọlé bí oògùn ṣe ń lé e jáde, ìfúnpá kò ní wálẹ̀, pọ̀tásíọ̀mù tí ara ń pàdánù á sì pọ̀ sí i.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lo oògùn amúnitọ̀ láti fi rù. Omi ni ìwọ̀n tó bá lọ sílẹ̀, ọ̀rá wà níbẹ̀ síbẹ̀, omi náà á sì padà bó bá ti dá oògùn dúró. Àgbo tàbí zobo kò lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ, ẹni tó bá sì ń mu wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró, torí oògùn ló ń di ìfúnpá náà mú. Nǹkan mẹ́ta ni aláìsàn àti dókítà yóò fi máa díwọ̀n bí ìtọ́jú ṣe ń lọ: ìfúnpá, ìwọ̀n ara, àti àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níbi tó yẹ, oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, dókítà ni yóò pinnu bóyá kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n fi kún un, tàbí kí wọ́n yí i padà.